Ọkùnrin Tí Kì Í Dúró Di Àṣálẹ́

Ìbínú ló gbé alágbàfọ̀ wọ ilé-iṣẹ́ rédíò lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe ìbínú kékeré. Ó di aṣọ ibùsùn ilé ìtura kan mọ́ abẹ́ apá. Aṣọ funfun ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹrẹ̀ ń kán láti ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Olójú-Ọ̀run níbí?"

Ọkùnrin gíga kan tó ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbé ife sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ rún wómúwómú, ìyẹn gan-an sì tún bí alágbàfọ̀ nínú.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọ̀sán."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ wo aṣọ yìí."

"Mo rí i. Ó dọ̀tí."

"Ó dọ̀tí, ló ń wí! Ó mọ́ lánàá! Bàbá mi ló fẹ̀yìn rìn wọ inú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ní kí ó fẹ̀yìn rìn."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin, lórí rédíò! Ẹ ní bí òrùn bá ti wọ̀, kí gbogbo ènìyàn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n máa fẹ̀yìn rìn títí òrùlé kò fi ní dí wọn lójú mọ́. Àgbàlagbà bá fẹ̀yìn rìn. Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi fa okùn aṣọ já, òun àti iṣẹ́ òòjọ́ mi jọ ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tó wí nígbà tó dìde? Kò ní pẹ̀lẹ́ o. Ó ní, 'Ọmọ mi, mo rí i!'"

Ọkùnrin náà di ètè mú. Ó wo ilẹ̀, ó wo àjà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Alágbàfọ̀ pòṣé kan tí akọ̀wé ẹnu ọ̀nà fi yíjú wò wọ́n. Àfi bí òun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn ún jù, nítorí kì í ṣe ẹ̀rín ló bá wá.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Olójú-Ọ̀run ń ka ètò kan lórí rédíò, tí yóò sọ fún ará ìlú ohun tí wọ́n lè rí lójú sánmà lọ́sẹ̀ náà: ìràwọ̀ tí yóò yọ, ìhà tí yóò gbà yọ, ọjọ́ tí oṣù yóò kún. Kì í sọ ọ́ gbẹrẹfu bí ẹni ka iye ọjà. Kíkì ló máa ń ki wọ́n:

Òṣùpá, arẹwà tí kì í tijú ẹni tó ń wò ó,
Ó tẹ́ẹ́rẹ́ lónìí, ó kún lọ́jọ́ mìíràn,
Kò ra òróró rí, fìtílà rẹ̀ kò kú.

Ohùn rẹ̀ á máa bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí omi inú ìkòkò amọ̀. Bàbá alágbàfọ̀, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, kì í pa ètò náà jẹ. Bí ọmọ rẹ̀ bá bá a wí, á ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi wo irin méjì nílẹ̀. Jẹ́ kí n wo òkè díẹ̀ kí n tó kú."

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, Olójú-Ọ̀run dé ilé wọn, ó ní òun wá bá wọn fọ aṣọ tí òun bà jẹ́. Kò mọ aṣọ fọ̀. Ó da ọṣẹ tó tó fọ ogún aṣọ sínú ọpọ́n ìfọṣọ kan ṣoṣo, ìfófòó kún dé ẹnu ọ̀nà. Alágbàfọ̀ jágbe mọ́ ọn, ó ní kí ó lọ jókòó. Kò lọ. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí yóò fi pé oṣù kan, alágbàfọ̀ ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà kí ajá àdúgbò tó gbọ́ ọ.

"Àyànfẹ́ mi," ọkùnrin náà á wí, tí yóò fẹ̀gbẹ́ ti tábìlì tí obìnrin náà ti ń lọ aṣọ, "bí inú bá ń bí ọ, ńṣe lò ń tẹ áyọ́ọ̀nù bí ẹni tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀. Aṣọ ọjọ́ náà ló sì máa ń jọ̀lọ̀ jù."

"Máa bí mi nínú lọ nígbà náà, kí oníbàárà lè pọ̀."

Alágbàfọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ó bá gbàdúrà òwúrọ̀, orúkọ ọkùnrin náà ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu kí ó tó rántí ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń ta á bí ẹ̀gún inú ìbọ̀sẹ̀. Olójú-Ọ̀run kì í dúró di àṣálẹ́. Bí òjìji ògiri bá ti ń gùn báyìí, á dìde, á gbọn ṣòkòtò.

"Mo gbọ́dọ̀ máa lọ."

"Lọ síbo? Mo ti gbé oúnjẹ kaná."

"Iṣẹ́ wà."

"Iṣẹ́ wo? Ilé-iṣẹ́ yín ti palẹ̀ mọ́!"

"Ọ̀la ńkọ́? Màá tètè dé lọ́la."

Yóò sì máa sáré lọ bí ẹni tí òjò ń lé. Ẹ̀yin ará, ta ni kò ní bínú? Ọkùnrin tó ń lé gbogbo ìlú jáde síta lálaalẹ́, tó ń sọ fún tọkọtaya kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú wo oṣù, òun alára kò lè bá olólùfẹ́ rẹ̀ jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń rò. Agbẹ̀bí ni ní ilé ìwòsàn, òun ló sì tọ́ alágbàfọ̀ dàgbà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Ọmọ mi, ọkùnrin tí kì í dúró di àṣálẹ́, ẹnìkan ń dúró dè é níbòmíràn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Màmá, ó ní òun nìkan ló ń gbé."

"Ṣé o ti débẹ̀ lálẹ́?"

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin kan ti wọ inú ọkàn alágbàfọ̀, pupa, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún Olójú-Ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a máa jowú ẹni tí a kò rí. Ó burú ju ti ẹni tí a rí lọ, nítorí ojoojúmọ́ ló ń lẹ́wà sí i.

Ó wá kan ọ̀sẹ̀ kan tí ètò náà ń pariwo Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń bá oṣù rìn. "Lọ́jọ́ Ẹtì, bí òrùn bá ti wọ̀," ni ohùn rédíò wí, "oṣù tuntun yóò wà ní ìwọ̀-oòrùn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ jòjòló. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí Àgùàlà. Àwọn ènìyàn ní ajá oṣù ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ló pa wọ́n pọ̀."

Bàbá pàtẹ́wọ́. "Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kí ó wá fi hàn mí fúnra rẹ̀. Kí agbẹ̀bí náà wá. Kí a wo oṣù, kí a wo Àgùàlà, kí a sì wo ọkọ ọmọ wa lẹ́ẹ̀kan náà."

Alágbàfọ̀ jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì fi tirẹ̀ kún un: "Bí o kò bá dúró di àṣálẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, má wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Má sì wá mọ́ láé. Ó ti sú mi."

Ọkùnrin náà fajú ro. "Màá wá," ló wí.

"Wo bó ti ń wí i bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́!"

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dé nígbà tí oòrùn ṣì ń ta. Ó rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká, ó fọwọ́ kan ògiri, ó wo òrùlé aládùúgbò, ó tún kọjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú ọ̀run mọ́ kedere nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọlé, tí agbẹ̀bí dé láti ibi iṣẹ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó.

"Ta lẹ ń bá gbé?"

"Èmi nìkan ni, Màmá."

"Lálẹ́ ńkọ́?"

"Lálẹ́ gan-an ló máa ń jẹ́ èmi nìkan jù."

Agbẹ̀bí wo alágbàfọ̀, alágbàfọ̀ wo ilẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, Bàbá ti dìde. "Òrùn ti wọ̀! Ó yá!"

Olójú-Ọ̀run ló ṣáájú, ó ń yára bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dúró ní ibi tó ti dúró lọ́sàn-án, ó na ìka sókè òrùlé aládùúgbò, ó sì gbé ohùn sókè:

"Ẹ wò ó! Ẹ wo oṣù bó ti tẹ̀ bí ọrun! Ẹ wá wo òkè rẹ̀ díẹ̀, lápá òsì.

Àgùàlà, arìnrìn-àjò tí kò gbé àpò,
Ó tàn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n,
Ó tàn fún ẹni tí kò bi í léèrè!

Ẹ rí bó ti ń dán, Bàbá?"

Bàbá fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ó wo òkè títí, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. "Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Mo rí i. Áà, ó rẹwà o."

Alágbàfọ̀ náà gbójú sókè. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé.

"Ẹ gbà mí o!" Agbẹ̀bí ni. "Kí lẹ̀yin méjèèjì ń wò?"

"Àgùàlà ni, Màmá," ni Olójú-Ọ̀run wí. "Ó mọ́ kedere."

"Àgùàlà wo? Ìkùukùu ti bo gbogbo sánmà! Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò! Òjò ń bọ̀!"

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí ìka tí ọkùnrin náà nà sókè. Ó rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó yípadà, ó fẹ́ máa lọ sínú ilé, ó sì fi iwájú orí gbá òpó okùn aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ gbangba.

Agbẹ̀bí súnmọ́ ọn. Ó ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ṣẹ́jú.

"Kò ríran," ni agbẹ̀bí wí.

"Lálẹ́ nìkan ni, Màmá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ dúdú bò mí lójú ni. Ó ti pẹ́."

"Ṣé o bá a wáyé ni, àbí o kó o?"

"Ìyá ìyá mi náà ní in."

"Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, o sì fi pamọ́! O fẹ́ gbé e wá fún ọmọ wa láìsọ! Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ."

Bàbá wọlé lọ nínú òjò, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ta ni yóò wá mú ọkùnrin náà délé? Alágbàfọ̀ ni, kí ló tún kù? Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ sí títì.

"Gọ́tà wà níwájú. Gbẹ́sẹ̀. Mo ní kí o gbẹ́sẹ̀, mi ò ní kí o jó."

"Má bínú."

"Òkúta. Yà sí mi. Báwo lo ṣe ń ka ètò ohun tí o kò rí?"

"Mo rí wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Orí òrùlé ni mo máa ń sùn nítorí wọn. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, mo kọ́ ìṣirò wọn. Ìṣirò kì í tàsé, àyànfẹ́."

"Ìṣirò kò mọ ìkùukùu!"

"Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí o bá gbọ́, o kò ní gbà kí n di ọwọ́ rẹ mú."

"Ọwọ́ ta lo wá dì mú yìí? Ti òpó iná?" Ó dúró láàárín òjò. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bínú sí omijé náà. "Kì í ṣe ojú rẹ ló dùn mí. Ojú rẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó dùn mí ni pé o jẹ́ kí n máa bá obìnrin tí kò sí jà lọ́kàn mi. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti ṣépè fún un!"

"Kí lo sọ ọ́?"

"Má bi mí!"

Ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, iná ńlá ńlá yí i ká bí ti ilé ìtajà, kò sì sí ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ kankan níbẹ̀. "Má wá," ni alágbàfọ̀ wí. "Ọkàn mi kò tíì rọ̀."

Ọkùnrin náà kò wá lóòótọ́. Èyí tún bí alágbàfọ̀ nínú. Ó ní kó má wá. Ta ló ní kó gbọ́ràn? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, orin ni rédíò gbé síbi ètò Ojú Ọ̀run. Lọ́sẹ̀ kejì, orin náà ni. Bàbá jókòó ti rédíò bí ẹni ṣọ̀fọ̀. Aṣọ tí alágbàfọ̀ ń lọ̀ jọ̀lọ̀ débi pé àwọn oníbàárà ń dúpẹ́, kò sì dá wọn lóhùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá wọ bàtà, ó mú ọ̀pá, ó jáde. Nígbà tó padà dé, ó fi ọwọ́ kan di Olójú-Ọ̀run mú. Agbẹ̀bí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó wá kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ tún mú eléyìí wá ṣe?" ni agbẹ̀bí bi í. "Ẹni tó dúró níwájú wa tó parọ́!"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí. "Ojú mi méjèèjì pé. Lọ́jọ́ náà, mi ò rí nǹkan kan. Mo rò pé ojú ogbó ni, ìtìjú sì mú mi, mo ní mo rí i. Mo tún ní ó rẹwà! Kí ló rẹwà níbẹ̀, ìkùukùu? Nínú èmi àti ọmọkùnrin yìí, ta ló parọ́ jù? Òun ń ka ohun tó wà lóòótọ́ lẹ́yìn ìkùukùu. Èmi ń yin ohun tí mi ò rí. Ìtìjú kan náà ló ṣe wá. Bí ẹ ó bá lé e, ẹ lé àwa méjèèjì."

Agbẹ̀bí pòṣé. Ó kọjú sí ọkùnrin náà.

"Bí ọmọ bá jí sunkún lóru ńkọ́, tí iná ò sí?"

"Màmá, lóru tí iná ò sí, gbogbo ilé ló fọ́jú. Ẹni tí òkùnkùn ti mọ́ lára ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà."

"Bí ọmọ náà bá wá gba ojú rẹ ńkọ́?"

Olójú-Ọ̀run tẹrí ba. Ẹni tí ń ki oṣù, ẹni tí ń ki ìràwọ̀, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù bà á, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí òun bá sọ nísinsìnyí ni yóò jẹ́ ayé òun.

"Màmá, bí Ọlọ́run bá fún wa lọ́mọ, tí ojú rẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀, a ó kọ́ ọ pé kí ó tètè máa sọ ọ́. Kò ní dá nìkan jókòó ti iná bí ẹni pé ó jí nǹkan gbé. Mo ti rí yàrá yẹn, Màmá. Ọmọ mi kò ní gbé irú rẹ̀, bàbá rẹ̀ náà kò sì ní gbé e mọ́." Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Bí o bá tún fi nǹkan pamọ́ fún mi, bó ṣe eyín dídùn ni, màá lé ọ jáde lálẹ́."

"Mo gbọ́."

"Màmá, mò ń fẹ́ ẹ. Ó sú mi, mo sì ń fẹ́ ẹ."

Agbẹ̀bí kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó dìde. "Gbogbo yín ti sú mi. Ẹ ti sú mi. Kí Ọlọ́run bù kún yín. Ẹ ti sú mi. Kí ilé yín tòrò. Ọmọ tí ẹ ó bí, ọwọ́ mi ni yóò bọ́ sí. Ẹ ti sú mi pátápátá." Ó sì jáde, ó ń nu ojú.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà, kí ọkọ lè rí ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Ètò náà padà sórí rédíò. Ọkùnrin náà wá ń sọ fún ará ìlú pé ìṣirò ni tòun, ìyàwó òun ló ń bá òun wò ó. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ó ti tàn wọ́n jẹ. Púpọ̀ kò bínú. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, alágbàfọ̀ jáde síta pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ dúdú kan lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ló jù ú sáàárín aṣọ funfun, gbogbo rẹ̀ sì ti di àwọ̀ eérú. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ láti inú ilé wá. Olójú-Ọ̀run jókòó sórí àga gbọọrọ, ó kọjú sí ìlà-oòrùn.

"Àyànfẹ́, ó yẹ kí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké kan ti yọ lókè igi yẹn, tí wọ́n kó jọ bí adìyẹ tó da ọmọ. Ṣé wọ́n ti yọ?"

"Mò ń bọ̀ wá bá ọ jà."

"Mo gbọ́. Ṣé wọ́n ti yọ?"

Ó gbójú sókè. "Wọ́n ti yọ."

"Mélòó lo rí?"

"Mi ò kà á! Àárẹ̀ mú mi."

"Ṣé wọ́n pọ̀?"

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ tí àga ké bó ti jókòó, ó nímọ̀lára èjìká rẹ̀ lára tirẹ̀. Ó dúró, ó dúró, kò gbọ́ òṣé.

"Wọ́n pọ̀," ni alágbàfọ̀ wí níkẹyìn. "Wọ́n pọ̀ débi pé mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí."